Ọ̀dà ìta ilé wa: bí a ṣe yan àwọ̀ lẹ́ẹ̀mejì

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ọjọ́ Àbámẹ́ta

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ nu ògiri iwájú ilé láàárọ̀ yìí, ọwọ́ mi sì funfun bí ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ẹfun. Ọ̀dà ara ògiri náà ti gbó. Oòrùn àti òjò ti jẹ ohun tó so ó pọ̀ tán, ìyẹ̀fun ló kù lójú rẹ̀. Bí èèyàn bá kun ọ̀dà tuntun lé irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀, ìyẹ̀fun ni ọ̀dà yóò dì mú, kò ní dé ara ògiri rárá, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa bó bí awọ ejò.

Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ló burú jù. Ẹ̀yìn ilé, níbi tí òjìji igi wà, kò tíì gbó tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dúdú. Mo wọn gbogbo ilé yípo: mítà 44. Gíga ògiri jẹ́ mítà 3, ìyẹn jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 132. Nígbà tí mo yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò, ó ku nǹkan bí 112.

Ìyàwó mi ní, "Níwọ̀n ìgbà tá a máa kùn ún náà ni, ẹ jẹ́ ká kúkú yí àwọ̀ ilé yìí padà." Àwọ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, funfun tó ti di àwọ̀ omi ìṣanwọ́, kò sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ nínú wa. Mo gbà.

Ọjọ́ Àìkú

A tẹ́ káàdì àwọ̀ sórí tábìlì ní pálọ̀ lálẹ́, a tan iná, a ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, a ti mú ọ̀kan: yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́, tó tutù lójú, tó dà bí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ lára aṣọ funfun. Inú àwa méjèèjì dùn sí i. Mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀.

Mo padà wá fi ìlà yìí kún un lẹ́yìn náà: ogún ìṣẹ́jú yẹn ló gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lọ́wọ́ wa.

Ọ̀sẹ̀ kejì

Fífọ ògiri. Níbi tó dúdú lẹ́yìn ilé, mo kán bílíìsì díẹ̀ sójú kan, mo dúró. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí dúdú náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Èébu ni. Ká ní kò ṣí ni, ìdọ̀tí lásán ni ì bá jẹ́. Èébu kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ọ̀dà bò. Yóò gba abẹ́ rẹ̀ hù jáde. A fi omi la bílíìsì, a wọ ìbọ̀wọ́, a bo ojú, a sì fi fọ ibẹ̀. A kò pa á pọ̀ mọ́ ọṣẹ tàbí èròjà ìfọǹkan mìíràn, torí pé bílíìsì máa ń bá àwọn kan nínú wọn ṣe èéfín olóró. A fi omi ṣàn án, a wá fi búrọ́ọ̀ṣì líle àti omi ọṣẹ fọ ìyókù ilé.

Ibi tí ọ̀dà ti ń ṣí, mo ha á kúrò. Ilé wa kò pẹ́ tó kí n máa bẹ̀rù òjé, ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ bá ti pẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi sáńpépà yún ọ̀dà àtijọ́ ní gbígbẹ láìjẹ́ pé ó ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́ ló ní òjé nínú. Ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fòfin dè é nínú ọ̀dà ilé gbígbé, eruku rẹ̀ sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Mo fi sìmẹ́ǹtì dí àwọn ibi tó sán. Sìmẹ́ǹtì tuntun le bí omi eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ, ó máa ń jẹ àwọ̀, ó sì máa ń pa á dà. Ọjọ́ 28 ni wọ́n sábà máa ń ní kó lò kí ọ̀dà tó kàn án. Mo sàmì sí àwọn ojú ibẹ̀, mo fi wọ́n sílẹ̀, mo sì kun píráímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí a ń kọ́kọ́ kùn, sí ìyókù.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ọjọ́ Àbámẹ́ta

Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin kun ògiri iwájú. Aago méje àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀, kí oòrùn tó kàn án. Bí rólà ṣe ń kọjá, ọ̀dà náà funfun ju bó ṣe wà nínú káàdì lọ. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí: ọ̀dà olómi máa ń dà bí wàrà nígbà tó bá tutù, bó bá ti ń gbẹ ni àwọ̀ rẹ̀ ń jáde. Mo fọkàn balẹ̀.

Nígbà tó di aago kan ọ̀sán, ó ti gbẹ. Mo kọjá sí òdìkejì ọ̀nà láti wò ó, ẹnu mi kò lè sọ nǹkan kan. Yẹ́lò tó tutù lórí tábìlì wa ń kígbe lára ògiri. Kì í ṣe pé ó burẹ́wà gẹ́gẹ́ bí àwọ̀. Ó kàn pọ̀ jù ni, ó sì le jù, kò sí ibòmíràn tí ojú lè sinmi lé. Èyí tó dùn mí jù ni òrùlé. Amọ̀ sísun ni òrùlé wa, pupa rúsúrúsú bí osùn tó ti gbẹ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ tá a ti kó débẹ̀. Lọ́sàn-án òní, ó ti yí sí àwọ̀ àlùkò, bí ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dì. Òkúta àtẹ̀gùn iwájú ilé, tó máa ń mọ́ tónítóní, wá dà bí ohun tá a kò fọ̀ láti ọdún mẹ́ta.

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, bóyá tá a bá kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, ó máa rọ̀." Mo mọ̀ pé yóò tún le sí i ni. A fọ rólà, a kó irinṣẹ́ wọlé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà

Bàbá akunlé tó ń bá wa kun ibi gíga, tí èmi kò lè fi àkàbà dé, wá wo iṣẹ́. Ó ti lò tó ogójì ọdún nídìí ọ̀dà. Ó dúró, ó wo ògiri, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Níbo lẹ ti wo káàdì náà?"

Mo ní, "Lórí tábìlì ni, Bàbá. Lálẹ́."

Ó ní, "Ẹ bi ògiri léèrè ọ̀rọ̀ tó kàn án, tábìlì ló dá yín lóhùn."

Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó sì ṣàlàyé. Káàdì kò ju ìka méjì lọ, ògiri iwájú ilé jẹ́ mítà onígun mẹ́rin bí 30. Àwọ̀ tó wà jẹ́ẹ́ nínú ohun kékeré máa ń lágbára bó bá gba ibi ńlá. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gangan níta sì pọ̀ ju ìmọ́lẹ̀ gílóòbù pálọ̀ lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlọ́po, nítorí náà àwọ̀ èyíkéyìí tó bá jáde síta yóò mọ́lẹ̀ ju bó ṣe wà nínú ilé lọ. Ó ní bí èèyàn bá rí àwọ̀ tó wù ú lórí káàdì, kó wo èyí tó ṣókùnkùn jù ú lọ ní ìgbésẹ̀ kan tàbí méjì, tó sì ní eérú díẹ̀ nínú.

Ti òrùlé ni mo bi í jù. Kí ló dé tí òrùlé tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fi yí padà? Ó ní, "Ẹni tó bá jókòó ti èèyàn ló ń sọ bí onítọ̀hún ṣe máa rí."

Mo lọ kà nípa rẹ̀ lálẹ́. Onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé kan, Michel Eugène Chevreul, ló darí iṣẹ́ ìpalaró ní ilé iṣẹ́ ahunṣọ Gobelins ní Paris. Àwọn èèyàn ń ráhùn pé dúdú inú aṣọ tí wọ́n ń hun níbẹ̀ kò dúdú tó. Ó yẹ òwú náà wò, kò rí àbùkù kankan lára aró rẹ̀. Àwọn àwọ̀ tí wọ́n hun sẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú náà ló ń sọ ọ́ di aláìlágbára lójú. Lọ́dún 1839 ló tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀: àwọ̀ méjì tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn máa ń ti ara wọn jìnnà, kálukú á máa ti èkejì lọ síbi tí òun kò sí. Yẹ́lò máa ń ti ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ́nà àlùkò. Ohun tó ṣe òrùlé wa nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin

A kò kun nǹkan kan lọ́sẹ̀ yìí. Ìyàwó mi ló sọ pé ká kọ́kọ́ ka àwọn ohun tí a kò ní yí padà. Ọ̀rọ̀ yẹn ló yẹ kó ṣáájú láti ọjọ́ kìíní. Òrùlé kò ní yí. Òkúta àtẹ̀gùn kò ní yí. Férémù fèrèsé, tó jẹ́ àwọ̀ kọfí dúdú, kò ní yí. Àwọn mẹ́ta yìí ti ní àwọ̀ tiwọn kí á tó dé, wọ́n sì ti ń bá ara wọn gbé. Ògiri ló ń bọ̀ wá bá wọn.

Mo gbé amọ̀ òrùlé kan tó ṣẹ́kù nínú ìtọ́jú, mo gbé òkúta kan tó ṣẹ́kù, mo gbé wọn síta sórí ìwé funfun báláú lábẹ́ òjìji. Ìwé funfun ni kò jẹ́ kí ojú tàn mí jẹ. Òkúta tí mo ti ń pè ní eérú láti ìgbà yìí wá, yẹ́lò wà nínú rẹ̀, ó fara hàn kedere bí mo ṣe gbé e sórí ìwé. Òrùlé náà, pupa tó ní dúdú nínú ni, kò sí búlúù kankan nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni funfun ṣe rí: mo to káàdì funfun mẹ́fà sórí ìwé náà, ọ̀kan ní pupa nínú, ọ̀kan ní ewé, méjì ní búlúù, ọ̀kan ní yẹ́lò, ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣe bí ẹni pé kò ní nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n dá wà, funfun ni gbogbo wọn.

Èmi àti ìyàwó mi jiyàn díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan. Ó ní òun fẹ́ kí ògiri "pupa díẹ̀". Mo ní kò ṣeé ṣe lábẹ́ òrùlé pupa. A ṣe é títí kí n tó mọ̀ pé ohun tó ní lọ́kàn kò ju amọ̀ gbígbẹ lọ. Nínú èdè wa, pupa gbòòrò: osùn wà nínú rẹ̀, epo wà nínú rẹ̀, àgbàdo tó gbó wà nínú rẹ̀, a ń pe èèyàn ní pupa. Dúdú náà gbòòrò, aró wà níbẹ̀, ewé tó kún wà níbẹ̀. Mo ti máa ń rò pé àìtó ọ̀rọ̀ ni. Lọ́sẹ̀ yìí mo rí i pé ohun tí funfun, dúdú àti pupa ń bi ojú léèrè ni: ṣé ó mọ́lẹ̀, ṣé ó ṣókùnkùn, ṣé ó gbóná? Àwọn ìbéèrè tó wúlò fún ògiri nìyẹn. Ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Albert Munsell, pín àwọ̀ sọ́nà mẹ́ta lọ́dún 1905: irú àwọ̀ tó jẹ́, bó ṣe mọ́lẹ̀ tó, àti bó ṣe lágbára tó. Tiwa kọsẹ̀ lórí èkejì àti ẹ̀kẹta. Yẹ́lò ni a fi gbogbo àkókò wa jíròrò, a kò bi ara wa bó ṣe máa mọ́lẹ̀ tó tàbí bó ṣe máa le tó.

Mo yí káàdì padà, mo rí nọ́ńbà kan tí n kò kà sí tẹ́lẹ̀. LRV ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Iye ìmọ́lẹ̀ tí àwọ̀ náà ń dá padà ni: 0 ni dúdú tí kò dá nǹkan kan padà, 100 ni funfun tó dá gbogbo rẹ̀ padà. Yẹ́lò wa jẹ́ 79. Lára ògiri tó ń gba oòrùn ọ̀sán tààrà, ìyẹn pọ̀ fún ojú. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá tún lọ sísàlẹ̀ jù, ògiri á máa gba ooru mọ́ra, á máa gbóná, á sì máa wú kó tó tún sunkì lójoojúmọ́, ìyẹn náà ń ya ọ̀dà. A pinnu pé a ó wá àwọ̀ wa láàárín 45 àti 65.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún

Pákó márùn-ún. Mo gé pílíwúùdù, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 níbùú àti lóròó. Píráímà lẹ́ẹ̀kan, ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi etí funfun tó tó ìka mẹ́ta sílẹ̀ yípo ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí yẹ́lò ògiri má bàa dà wọ́n láàmú. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kun bátànì kékeré mẹ́rin, márùn-ún sára ògiri àtijọ́, kí wọ́n sì máa fi wọ́n wéra. N kò ní ṣe é mọ́. Àwọ̀ àtijọ́ máa ń sọ̀rọ̀ sí gbogbo wọn, wọ́n sì máa ń sọ̀rọ̀ síra wọn. Pákó ṣeé gbé kiri, èyí ló sì ṣe pàtàkì jù, torí pé ilé kan kì í ní ìmọ́lẹ̀ kan.

Ọjọ́ mẹ́jọ la fi gbé wọn yí ilé ká, àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́. Mo ń gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, mo ń gbé wọn sókè lórí àkàbà kí wọ́n lè kan òrùlé.

Pákó 1 jẹ́ funfun tó ní yẹ́lò. LRV rẹ̀ jẹ́ 84, ó ti kọjá ààlà wa, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Ní ọ̀sán mi ò lè wò ó láì dijú díẹ̀. Nígbà tí mo gbé e sílẹ̀ nítòsí koríko, ìsàlẹ̀ rẹ̀ di àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́: oòrùn ń ba koríko, koríko ń dá a padà sára rẹ̀. A gbé e kúrò lọ́jọ́ kejì.

Pákó 2 jẹ́ eérú. Nínú ilé, eérú pátápátá ni, kò ní nǹkan kan nínú. Lẹ́yìn ilé, níbi tí oòrùn kì í dé, búlúù ló jẹ́. Mo rò pé ojú mi ni, mo pe ìyàwó mi, òun náà ní búlúù ni. Ibi tí oòrùn kò bá dé, ojú ọ̀run ló ń tàn síbẹ̀, àwọ̀ ojú ọ̀run la sì rí lára pákó yẹn. Ẹni tó bá ń gbé lápá àríwá ayé, ògiri tó kọjú sí àríwá ló sábà máa ń ní irú ìmọ́lẹ̀ tútù yìí. Lápá gúúsù ayé, ògiri gúúsù ni. Bí irú ògiri bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ iwájú ilé, ibẹ̀ ni kó ti kọ́kọ́ dán àwọ̀ wò.

Pákó 3 jẹ́ àwọ̀ ewé gbígbẹ. Ìyàwó mi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti gbé e sókè tó kan òrùlé, òrùlé gbiná. Pupa àti ewé dojú kọ ara wọn nínú àwọ̀, wọ́n máa ń mú ara wọn le. Àwọn ilé kan wà tí irú ìdojúkọ bẹ́ẹ̀ máa ń yẹ, pàápàá tí òrùlé wọn kò bá tóbi lójú. Tiwa gba ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí èèyàn ń rí láti ọ̀nà. A fi í sílẹ̀, ó dùn wá.

Pákó 4 àti 5 jẹ́ ọmọ ìyá: amọ̀ gbígbẹ, LRV 52 àti 47. Èkarùn-ún ní yẹ́lò díẹ̀ sí i. Ìyàwó mi fẹ́ èkarùn-ún, èmi fẹ́ ẹ̀kẹrin. Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹfà, a gbé méjèèjì sí ògiri ìwọ̀ oòrùn. Oòrùn ti ń wọ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti pọ́n. Èkarùn-ún yí sí àwọ̀ ọsàn níwájú wa, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀kẹrin gbóná díẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Síbẹ̀ ìyàwó mi ní ọjọ́ kan kò tó.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ keje, ó sì jẹ́ àǹfààní ńlá. Bí òkúta àti amọ̀ òrùlé bá tutù, wọ́n máa ń ṣókùnkùn, àwọ̀ wọn á sì le. Ògiri kì í yí tó bẹ́ẹ̀. Pákó 4 lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta tútù yẹn dà bí ẹni pé ibi kan náà ni wọ́n ti wa àwọn méjèèjì.

Lọ́jọ́ kẹjọ, a yí nọ́ńbà àwọn pákó sẹ́yìn. Mo ní kí ìyàwó mi kọjú sí ọ̀nà, mo yí ipò wọn padà, mo wá ní kó wò wọ́n láti ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, kó tọ́ka sí èyí tó jẹ́ ti ilé yìí. N kò bi í léèrè èyí tó wù ú. Ó wo òrùlé kí ó tó wo pákó. Ó tọ́ka. Mo yí i padà: 4.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà

Etí òrùlé àti àyíká fèrèsé: funfun tí yẹ́lò wà nínú rẹ̀ díẹ̀, torí òkúta. Funfun báláú ni mo kọ́kọ́ fẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ amọ̀ gbígbẹ, ó dà bí píráímà tí a gbàgbé láti kùn.

Ilẹ̀kùn: aró. Dúdú bí aró tó ti pọ́n ní ìkòkò, ọ̀dà olóròóró, tó ń dán. A fún ilẹ̀kùn ní àyè láti sọ̀rọ̀ sókè torí pé ohun kékeré ni, ògiri sì jẹ́ẹ́. Ìbòòji wà níwájú rẹ̀, nítorí náà oòrùn kò ní máa sun ún. Ilẹ̀kùn dúdú tó dojú kọ oòrùn máa ń gbóná débi tí pákó rẹ̀ lè wọ́.

Bàbá gba àwọ̀ ògiri wọlé lójú ẹsẹ̀, ìdí rẹ̀ sì kọjá ti ẹwà. Àwọ̀ amọ̀, pupa rúsúrúsú àti yẹ́lò ilẹ̀, ìpẹtà irin ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n, ohun kan náà tó ń mú ilẹ̀ pọ́n. Oòrùn kì í tètè jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ pupa fòò àti yẹ́lò títàn ni a fi àwọn èròjà mìíràn ṣe, tó máa ń ṣí lójú oòrùn kí ọdún tó gorí ọdún púpọ̀.

Ìṣirò: ògiri wa kò dán, nítorí náà mo ka lítà kan sí mítà onígun mẹ́rin 8, dípò 10 tí wọ́n kọ sára agolo. 112 pín sí 8 jẹ́ 14. Lẹ́ẹ̀mejì jẹ́ 28. Mo ra lítà 30 lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò pé nọ́ńbà ìpò kan náà, tó ń fi hàn pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n po ọ̀dà wọn, wà lára gbogbo agolo. Síbẹ̀ a da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú garawa ńlá, a rò ó pọ̀ dáadáa, a wá dá a padà sínú agolo. Bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ yàtọ̀ sí èkejì, àárín ògiri ni èèyàn máa ti rí i.

Ọ̀sẹ̀ keje

Ọjọ́ 28 sìmẹ́ǹtì ti pé. A kun píráímà sí àwọn ojú ibẹ̀ àti sórí yẹ́lò.

A ń sá tẹ̀lé òjìji: ìwọ̀ oòrùn láàárọ̀, ìlà oòrùn lọ́sàn-án. Ọ̀dà tó bá gbẹ kíákíá jù lójú oòrùn kì í ráyè tẹ́, ipa rólà á sì máa hàn. Ní ìrọ̀lẹ́, a ń dáwọ́ dúró wákàtí méjì kí ìrì tó sẹ̀.

Àṣìṣe kan: lára ògiri ìwọ̀ oòrùn, wọ́n pè mí lórí fóònù, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì lò tó ogún ìṣẹ́jú. Etí ọ̀dà tí mo fi sílẹ̀ gbẹ. Nígbà tí mo padà dé, mo kun èyí tuntun lé e, ìlà kan sì dúró gbọnrangandan lára ògiri lábẹ́ oòrùn tó ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀. Ibẹ̀ kò ṣeé tún ṣe lójú kan. Lọ́jọ́ kejì, a tún gbogbo ògiri yẹn kùn láti igun dé igun, láìdúró, àbúrò mi lókè, èmi nísàlẹ̀, etí ọ̀dà ń tutù dè wá. Ìlà náà kò sí mọ́.

Ilẹ̀kùn gba ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọ̀dà tó ṣókùnkùn kì í ní funfun títáníọ̀mù púpọ̀ nínú, funfun yẹn ló sì máa ń bo abẹ́ dáadáa, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kìíní máa ń rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kò yẹ kó já ẹnikẹ́ni láyà.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án

Mo jí kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo lọ dúró sí òdìkejì ọ̀nà. Òrùlé ti padà di osùn. Òkúta àtẹ̀gùn mọ́, a kò sì fọ̀ ọ́. Mo wò ó pẹ́. Ìyàwó mi jáde wá, ó gbé tíì mi dání, ó ní, "Ẹ ti wá ń wò ó láti àná." Ó sì dúró tì mí, òun náà ń wò ó.

Mo kọ nọ́ńbà àwọ̀, nọ́ńbà ìpò àti ọjọ́ tí a kùn ún sórí ìdérí agolo tó ṣẹ́kù, mo dì í pinpin. Pákó 4 wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá irinṣẹ́ níbi tí oòrùn kò lè dé, kí a lè mọ bí ògiri bá ti ń ṣí. Ó ku ẹsẹ̀ ògiri ẹ̀yìn, níbi tí èébu wà. Mo fẹ́ gé ẹ̀ka igi tó bò ó kí afẹ́fẹ́ máa dé ibẹ̀, ká tó kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bí òjò kò bá rọ̀.